A ò ṣe ìgbéyàwó, a ti pínyà, wọn ò jẹ́ kí n rí ọmọ mi mọ́. Kí ni kí n ṣe?

Bàbá Àjọkẹ́ (Ìbàdàn):

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn níbí, mi ò kọ nǹkan kan rí, àmọ́ tèmi ló wá kàn báyìí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ kà á torí ó máa gùn díẹ̀.

Káfíńtà ni mí, Ìbàdàn ni mò ń gbé. Èmi àti ìyá ọmọ mi jọ gbé fún ọdún mélòó kan, a ò ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, a ò ṣe ìdána, owó ni kò sí nígbà yẹn, a kàn ń sọ pé tó bá di ọdún tó ń bọ̀, tó bá di ọdún tó ń bọ̀, títí oyún fi dé. Nígbà tó bímọ, tí ọjọ́ kẹjọ pé, bàbá mi ló sọ ọmọ lórúkọ, ìyá mi ló fún un ní oríkì, Àjọkẹ́. Àwọn ẹbí tiẹ̀ náà wá, ìyá ẹ̀ wá láti Òṣogbo, a jẹ, a mu, kò sẹ́ni tó sọ pé ọmọ kì í ṣe tèmi. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ọmọ ti pé ọdún márùn-ún báyìí. Ó ti lé ní ọdún kan tí a ti pínyà. Mi ò ní purọ́, ẹ̀bi wà lọ́wọ́ èmi náà, mo máa ń pẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù, owó tó bá wọlé mi ò kí ń sọ fún un, ọ̀rọ̀ kékeré a di ariwo, ṣùgbọ́n mi ò nà án rí, mi ò sì kó obìnrin wọlé. Lọ́jọ́ kan mo ti ṣọ́ọ̀bù dé, ilé ti ṣófo, ó ti kó ẹrù, ó ti gbé ọmọ lọ bá ìyá ẹ̀ ní Òṣogbo.

Láti ìgbà yẹn, oṣooṣù ni mò ń fi 20,000 náírà ránṣẹ́ sí àkáǹtì ìyá ọmọ, oṣù tí iṣẹ́ bá dáa mo máa ń fi nǹkan lé e, oṣù méjì péré ni mi ò rí fi ránṣẹ́, ìgbà tí ẹ̀rọ tí mo fi ń la pákó bàjẹ́. Wọ́n ń gba owó o, àmọ́ tí mo bá pè pé kí n bá ọmọ sọ̀rọ̀, ó ti sùn, ó wà lọ́dọ̀ àwọn aládùúgbò, fóònù fẹ́ kú. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni mo ti lọ. Mo máa wọ mọ́tò ní Ìwó Road, mo máa sọ̀ ní Òlàìyá, mo máa gun ọ̀kadà dé ilé wọn. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo rí ọmọ, kò ju ogún ìṣẹ́jú lọ, ẹnu géètì náà la dúró sí.

Èyí tó dùn mí jù rèé. Mo kan àga kékeré kan fún un, igi àfàrà ni mo fi kàn án, mo fi sáńpépà ra á títí ó fi ń dán, mo gbẹ́ orúkọ ẹ̀ sí ẹ̀yìn àga, Àjọkẹ́, mo gbé e lé itan nínú mọ́tò láti Ìbàdàn. Mo débẹ̀, ìyá àgbà ní ọmọ ò sí nílé, kí n gbé ohun tí mo gbé wá kalẹ̀. Mo gbé e kalẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Oṣù méjì lẹ́yìn ẹ̀ tí mo tún lọ, àga ò kúrò níbi tí mo gbé e sí, òjò ti pa á, adìyẹ ló wà lórí ẹ̀ tó ń sùn.

Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ta ni mo sanwó orí ẹ̀, pé ọmọ tí wọn ò dána ìyá ẹ̀, ilé ìyá ẹ̀ ló ni ín, kí n wá ṣe ohun tó yẹ kí n ṣe kí n tó máa pe ara mi ní bàbá. Ẹnì kan ládùúgbò wọn tún sọ fún mi pé orúkọ bàbá ìyá ọmọ ni wọ́n kọ fún un ní súkúù, wọ́n ti yọ tèmi. Mo sì gbọ́ pé ọkùnrin kan ti ń bọ̀ wá fẹ́ ìyá ọmọ, èyí ò bí mi nínú, kí Ọlọ́run bá wọn ṣe é, ọ̀rọ̀ èmi àti ẹ̀ ti parí. Ọmọ mi ni mò ń wá.

Àwọn tá a jọ wà ní ṣọ́ọ̀bù, ọ̀kan ní kí n má fi owó ránṣẹ́ mọ́, ọ̀kan ní kí n lọ dúró de ọmọ ní súkúù nígbà tí wọ́n bá jáde kí n gbé e wá sí Ìbàdàn. Kò sí èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn níbẹ̀. Ṣé mo ní ẹ̀tọ́ kankan lórí ọmọ yìí lábẹ́ òfin? Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀ tí kò fi ní di ogun?

Ọmọ Balógun:

Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ ń wò? Bàbá ló lọmọ nílẹ̀ Yorùbá. Ẹ dá owó dúró, wọ́n máa pè yín fúnra wọn. Tẹ́ ẹ bá sì ti gbé ọmọ yín dé Ìbàdàn, ta ló fẹ́ gbà á lọ́wọ́ yín?

Ìyá Ìbejì:

Ọmọ Balógun, mo bẹ̀ ẹ́, má kọ́ ọ báyẹn. Ọmọ ọdún márùn-ún tí wọ́n já gbà lẹ́nu géètì súkúù, tí tíṣà ń pariwo, tí àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ń sunkún, ṣé o rò pé ó máa rò ó pé bàbá òun fẹ́ràn òun ni? Owó tó o ní kó dá dúró yẹn ńkọ́, ta ni ebi máa kọ́kọ́ pa?

Bàbá Àjọkẹ́, ọmọ mi, o kú ìrọ́jú. Mo ti lé ní ọgọ́ta ọdún, irú ọ̀rọ̀ yìí tí mo ti jókòó sí ju mẹ́wàá lọ, mo ti bá ẹbí ọkọ jókòó, mo ti bá ẹbí ìyàwó jókòó. Òótọ́ ni mo fẹ́ sọ fún ẹ, má bínú. O ní o lọ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin. Ta lo mú dání? Ìwọ nìkan lo ń lọ. Lójú ìyá àgbà yẹn, kì í ṣe bàbá ọmọ ló dúró lẹ́nu géètì, ọmọkùnrin tó mú ọmọ òun sílé fún ọ̀pọ̀ ọdún tí kò wá kí òun ló tún dé. Ọjọ́ ìkómọ tó o ń sọ yẹn, ọmọ ni wọ́n wá bá yọ̀, àbùkù ọmọ tiwọn ṣì wà nínú wọn, wọn ò kàn sọ ọ́ níbi tí ọtí àti oúnjẹ wà ni.

Ohun tí mo rí nínú ọ̀rọ̀ ẹ ni pé ẹjọ́ méjì ló wà níbẹ̀, gbogbo yín sì ti pa á pọ̀. Àkọ́kọ́ ni ti ẹ̀bẹ̀, pé o gba ẹ̀yìn wọlé onílé, ìwọ lo jẹ wọ́n nìyẹn. Ìkejì ni ti ọmọ, tí kò jẹ ẹnì kankan ní gbèsè. Tó o bá ń bá wọn fa ti ọmọ láì tíì bẹ̀ wọ́n, ọdún mẹ́wàá lẹ máa fi fà á.

Nítorí náà, pa ti lílọ ní ìwọ nìkan tì. Bàbá ẹ tó sọ ọmọ lórúkọ, tí ara ẹ̀ bá le kó lọ, tí kò bá le kó rán ẹ̀gbọ́n ẹ̀. Mú obìnrin kan dání, àǹtí ẹ kan tó mọ ọ̀rọ̀ sọ, torí ọkùnrin ò lè wọ kíṣìnnì lọ bá ìyá àgbà, obìnrin lè wọ̀ ọ́. Kí ẹ fi ọjọ́ ránṣẹ́ ṣáájú, ẹ má kàn já wọlé. Ẹ gbé obì dání, ẹ gbé nǹkan mímu dání, kì í ṣe ìdána o, ẹ sọ ọ́ ketekete pé ẹ̀bẹ̀ lẹ wá bẹ̀. Kó o dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ọ̀rọ̀ orúkọ tí wọ́n yí ní súkúù yẹn, má mẹ́nu bà á lọ́jọ́ náà. Tí wọ́n bá ti gba ẹ̀bẹ̀, kí ẹ̀gbọ́n bàbá ẹ wá béèrè ọjọ́ kan pàtó àti àsìkò kan pàtó. Ẹ má sọ pé "ẹ jẹ́ kó máa rí ọmọ ẹ̀", ìyẹn ò túmọ̀ sí nǹkan kan. Ọjọ́ wo? Aago mélòó sí mélòó? Níbo?

Ohun kan tún kù. Tó o bá wà lọ́dọ̀ ọmọ, má fi ẹnu ẹ kan ìyá ẹ̀. Bó ti wù kó rí. Ọmọ ń gbọ́, ọmọ ń kó o pa mọ́.

Ìyá Ọmọ Kan (Èkó):

Ẹ kú àdúrà, mà. Èmi ni mo wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì, èmi ni mo ti ìlẹ̀kùn mọ́ bàbá ọmọ mi fún bí ọdún kan, mo sì fẹ́ sọ ìdí ẹ̀ torí ó jọ pé ẹ̀yin ọkùnrin rò pé ìkà ló ń ṣe wá.

Bàbá ọmọ mi máa ń ní òun ń bọ̀. Á pe ọmọ lọ́jọ́ Fúráídè, á ní lọ́la aago mẹ́sàn-án dádì ń bọ̀ wá gbé ẹ jáde. Ọmọ ò ní sùn. Aago méje àárọ̀ Sátidé á ti wẹ̀, á ní kí n wọ aṣọ pínkì yẹn fún òun, pẹ̀lú sọ́ọ̀kì funfun, á lọ jókòó sórí àtẹ̀gùn iwájú ilé. Aago mẹ́sàn-án lọ, aago mọ́kànlá lọ, ó ní òun ò jẹun torí dádì máa ra ráìsì. Aago mẹ́ta, sọ́ọ̀kì ti dúdú. Aago mẹ́rin ni fóònù á wá dún pé epo wọ́n, mọ́tò yọnu, ọ̀gá ní kóun wá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo rí i, mo ní kò ní sí ẹ̀ẹ̀kẹrin, mo búlọ́ọ̀kù nọ́ńbà ẹ̀. Nígbà yẹn lòun náà wá ń sọ fún gbogbo ayé pé mi ò jẹ́ kóun rí ọmọ.

Mi ò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni tìrẹ rí, bùrọ̀dá, ìwọ rìn láti Ìbàdàn, mo rí i. Àmọ́ bi ara ẹ, ṣé o ṣèlérí kankan fún ọmọ yẹn rí tó o ò mú ṣẹ?

Ohun tó jẹ́ kí n ṣílẹ̀kùn padà, kì í ṣe owó. Àbúrò ẹ̀ obìnrin ló wá bá mi tó ní ẹ̀gbọ́n òun fẹ́ máa pe ọmọ ní gbogbo Wẹ́sìdé aago méje alẹ́, ìṣẹ́jú márùn-ún péré. Mo ní ká wò ó. Wẹ́sìdé àkọ́kọ́ ó pè. Ìkejì ó pè. Ọjọ́ kan iná ò sí nílé wọn, fóònù ẹ̀ ti kú, ó lọ fi fóònù oníṣọ́ọ̀bù kan pè kí aago méje tó kọjá. Bó ṣe ń ṣe nìyẹn fún oṣù mẹ́ta, ọmọ ti wá mọ̀ ọ́n, tó bá ti di Wẹ́sìdé á lọ gbé fóònù mi wá. Èmi náà sinmi. Ní báyìí ó ń wá gbé e láàárọ̀ Sátidé kejì kejì.

Tọ́jú owó tó ò ń fi ránṣẹ́ yẹn, má dá a dúró o, ó ń ṣiṣẹ́ ju bó o ṣe rò lọ, ẹni tó ń dá ra yúnífọ́ọ̀mù ló mọ̀. Àmọ́ jẹ́ n bi ẹ́ ní nǹkan kan. Nọ́ńbà mélòó ni bàtà Àjọkẹ́? Ta ni orúkọ tíṣà ẹ̀? Kí ni kì í jẹ? Tó ò bá mọ̀ ọ́n, bẹ̀rẹ̀ látibẹ̀, fi tẹ̀síìtì bi ìyá ẹ̀ léèrè pẹ̀lẹ́tù, kó o sì ra bàtà tó bá a mu. Ìyá máa ń rí irú ẹ̀.

Lọ́yà Obìnrin:

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ìyá méjèèjì, ẹ ti sọ èyí tó wúlò jù. Ẹ jẹ́ kí n mú ti òfin wá torí ó béèrè.

Bùrọ̀dá, ọ̀rọ̀ pé ẹ ò sanwó orí kò sọ pé ẹ kì í ṣe bàbá ọmọ. Àwọn ẹ̀yà kan wà ní Nàìjíríà tó jẹ́ pé nínú àṣà tiwọn, tí wọn ò bá tíì san owó orí, ilé bàbá ìyá ọmọ ló ni ọmọ. Tiwa ò rí bẹ́ẹ̀. Nínú àṣà Yorùbá tí kóòtù mọ̀, kí bàbá gbà ní gbangba pé òun lòun bímọ ló ṣe pàtàkì, ìkómọ tí bàbá yín ṣe yẹn gan-an ni ẹ̀rí. Ó ti pẹ́ tí ilé ẹjọ́ ti sọ ọ́, ẹjọ́ Alake àti Pratt ti ọdún 1955 wà níbẹ̀, níbi tí wọ́n ti gbà kí àwọn ọmọ tí bàbá wọn bí síta, tó sì jẹ́wọ́ wọn, bá àwọn yòókù pín ogún. Ìwé Òfin Nàìjíríà ti 1999, abala 42, náà ní a ò gbọ́dọ̀ fi ìyà kankan jẹ ọmọ Nàìjíríà torí bí wọ́n ṣe bí i.

Wàyí o, ti pé ẹ jẹ́ bàbá yàtọ̀ sí ti àṣẹ lórí ọmọ. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 ló sọ̀rọ̀ lórí ìyẹn, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì ní láti sọ ọ́ di òfin tiẹ̀, Èkó ṣe é ní 2007, àwọn ìpínlẹ̀ Yorùbá yòókù náà ti ṣe tiwọn. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé tí bàbá àti ìyá ò bá fẹ́ra nígbà tí wọ́n bímọ, bàbá lè lọ sí kóòtù kí kóòtù fún òun náà ní ojúṣe òbí, tàbí kí àwọn méjèèjì jókòó kí wọ́n kọ ìwé àdéhùn. Kóòtù ẹbí ló ń gbọ́ ọ. Tí ẹnikẹ́ni bá sọ pé ọmọ kì í ṣe tiyín, kóòtù lè ní kí ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò DNA. Ohun tí adájọ́ sì máa kọ́kọ́ wò ni ire ọmọ, kì í ṣe ti bàbá, kì í ṣe ti ìyá.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kó lọ gbé ọmọ ní súkúù, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dákẹ́. Òfin kan náà yẹn ò gbà kí ẹnikẹ́ni gbé ọmọ kúrò lọ́wọ́ òbí tó wà lọ́dọ̀ ẹ̀ láìjẹ́ pé ó gbà, ẹ̀wọ̀n ló wà nídìí ẹ̀. Tí bùrọ̀dá yìí bá dán an wò, gbogbo owó tó ti ń fi ránṣẹ́ láti ọdún tó kọjá, kò sí adájọ́ tó máa rántí ẹ̀ mọ́.

Ìmọ̀ràn mi ni kó jẹ́ pé kóòtù lẹ máa lọ gbẹ̀yìn. Tí àwọn àgbà bá lọ tí kò yọrí, ẹ lọ sí ọ́fíìsì wẹ́fíà, ìjọba ìbílẹ̀ ní, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ obìnrin ní ìpínlẹ̀ náà ní. Òṣogbo ni kẹ́ ẹ ti lọ, torí ibẹ̀ ni ọmọ wà. Wọ́n máa kọ lẹ́tà pe ìyá ọmọ, wọ́n máa jókòó tì yín, wọ́n máa kọ ohun tẹ́ ẹ bá fẹnu kò lé lórí, ẹ̀yin méjèèjì á fọwọ́ sí i. Ẹ gba sítétímẹ́ǹtì lọ́wọ́ báǹkì tó máa fi gbogbo owó tẹ́ ẹ ti fi ránṣẹ́ hàn, ẹ wá fọ́tò ọjọ́ ìkómọ jáde. Ẹ wo sẹ́tífíkéètì ìbí ọmọ tí wọ́n gbà lọ́dọ̀ àjọ ètò ìkànìyàn, orúkọ ta ló wà níbẹ̀? Ìyẹn lágbára ju ohun tí wọ́n kọ sí rẹ́jísítà súkúù lọ, torí náà ẹ má jẹ́ kí ti súkúù yẹn dá wàhálà sílẹ̀ báyìí.

Òótọ́ kan tún wà tí ẹ ò ní fẹ́ gbọ́. Ọmọbìnrin ọdún márùn-ún, tí kò sí ohun tí ìyá ẹ̀ ṣe tí kò dáa, ọ̀dọ̀ ìyá ẹ̀ ni adájọ́ máa fi sílẹ̀. Ẹ má lọ béèrè pé kí wọ́n gbé e fún yín. Ẹ béèrè àyè láti máa rí i, láti máa bá a sọ̀rọ̀, kó máa wá lo ọlidé lọ́dọ̀ yín tó bá yá.

Bàbá Àjọkẹ́:

Mo dúpẹ́ gan-an, ẹ̀yin ìyá mi. Mi ò mọ nọ́ńbà bàtà ẹ̀. Mi ò mọ orúkọ tíṣà. Mo jókòó sí ṣọ́ọ̀bù lánàá mi ò lè ṣiṣẹ́.

Àǹtí lọ́yà, ẹnì kan ní kí n gbé e lọ sí rédíò, àwọn tó máa ń pe tọkọtìyàwó wá parí ìjà lórí afẹ́fẹ́. Kí lẹ rí sí i?

Lọ́yà Obìnrin:

Mi ò ní kí ẹ lọ. Wọ́n ti bá àwọn kan parí ẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ohùn yín àti ohùn ìyá ọmọ á wà lórí fóònù gbogbo èèyàn, Àjọkẹ́ á dàgbà, ẹnì kan á sì gbé e fún un gbọ́.

Bàbá Ọmọkùnrin (Peckham, London):

Bùrọ̀dá, mo kí yín láti ìlú òyìnbó. Èmi náà ò fẹ́ ìyá ọmọ mi nígbà tí a bí i ní 2011, a kàn jọ ń gbé ni. Ohun kan ṣoṣo tí mo ṣe dáadáa láìmọ̀ ni pé èmi àti ẹ̀ la jọ lọ forúkọ ọmọ sílẹ̀, orúkọ mi wà lórí ìwé ìbí. Ní England àti Wales, láti ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá ọdún 2003, bàbá tí kò fẹ́ ìyá ọmọ ṣùgbọ́n tí orúkọ ẹ̀ wà lórí ìwé ìbí ti ní àṣẹ òbí bíi ti ìyá. Ọmọ tí wọ́n bá forúkọ ẹ̀ sílẹ̀ ṣáájú ìgbà yẹn, bàbá ẹ̀ gbọ́dọ̀ gba ìwé àdéhùn tàbí àṣẹ kóòtù, ọ̀rẹ́ mi kan tó bímọ ní 2001 jìyà ẹ̀ gan-an. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbí tẹ́ ẹ ń kà á, tí ìyàwó bá bímọ, ẹ tẹ̀ lé e lọ sí ọ́fíìsì yẹn, ẹ má sọ pé iṣẹ́ ò jẹ́.

Nígbà tí a pínyà òun náà ò gbé ọmọ fún mi mọ́. Wọ́n ní ká kọ́kọ́ lọ rí onílàjà, kò yọrí, mo wá kọ fọ́ọ̀mù C100 tí wọ́n fi ń bẹ kóòtù lórí ọ̀rọ̀ ọmọ, òṣìṣẹ́ Cafcass, àjọ tó ń bá kóòtù wo ire ọmọ, bá wa sọ̀rọ̀, kóòtù ní kí n máa rí i ní contact centre, ibi tí òbí ti ń rí ọmọ lójú àwọn ẹlòmíì, wákàtí méjì ní Sátidé kan, kí a fo ìkejì. Gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì ni, àwọn bàbá bíi mẹ́fà, kálukú pẹ̀lú ọmọ ẹ̀ lórí tábìlì tiẹ̀, obìnrin kan jókòó sẹ́nu ọ̀nà tó ń kọ orúkọ. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà yẹn. Ọjọ́ àkọ́kọ́ kò bọ́ ẹ̀wù òtútù lọ́rùn, ó jókòó bí ẹni tó ń dúró de bọ́ọ̀sì. Ọjọ́ kejì bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ kẹta bẹ́ẹ̀. Mo dé inú ọkọ̀ mo sunkún, mo rò ó pé kí n má lọ mọ́.

Ọjọ́ kẹrin mo gbé ọpọ́n ayò dání, èyí tí bàbá mi fi ránṣẹ́ láti Ìjẹ̀bú. Mi ò sọ nǹkan kan, mo kàn ń ka ọmọ ayò sínú ihò, mẹ́rin, mẹ́rin. Ó ń wò mí. Ó na ọwọ́, apá ẹ̀wù ẹ̀ gbá ọmọ ayò dànù, ó tún na ọwọ́, ó tún gbá a dànù. Ó bọ́ ẹ̀wù òtútù. Mo ń sọ fún yín, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè kú fún ayọ̀. Kí ọdún náà tó parí ó ti ń sùn lọ́dọ̀ mi.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kó dá owó dúró, níbí yìí ọ̀tọ̀ ni owó, ọ̀tọ̀ ni rírí ọmọ. Ìyá ò gbé ọmọ fún ẹ, o ṣì máa sanwó. O ò sanwó, kóòtù ò torí ìyẹn sọ pé o ò gbọ́dọ̀ rí ọmọ. Mo rò pé ó bọ́gbọ́n mu, torí ọmọ kì í ṣe ọjà.

Ọmọ Ilé Ìyá:

Ọmọbìnrin ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mí. Wọ́n sọ fún mi ní kékeré pé bàbá mi sá lọ. Nígbà tí ìyá ìyá mi kú, a ń tú ẹrù wọn, mo rí téllà báǹkì nínú báàgì kan, wọ́n fi rọ́bà dì í, orúkọ bàbá mi ló wà lórí gbogbo ẹ̀, ọdún méje gbáko ló fi ń sanwó. Mi ò sunkún bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Mo wá bàbá mi kàn nígbà tí mo pé ọdún mọ́kàndínlógún, a ń sọ̀rọ̀, àmọ́ bí àlejò la ṣe ń sọ ọ́, a máa ń béèrè pé ṣé o ti jẹun, lẹ́yìn ìyẹn ọ̀rọ̀ tán.

Mi ò dẹ́bi fún màmá mi, wọ́n jìyà. Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ yín, sà, ẹ ra ìwé kan, kẹ́ ẹ máa kọ̀wé sí ọmọ yín sínú ẹ̀, ọjọ́ tẹ́ ẹ wá tí ẹ ò bá a, ohun tẹ́ ẹ gbé dání, ohun tẹ́ ẹ fẹ́ bá a sọ. Kì í ṣe fún kóòtù. Tó bá dàgbà á kà á.

Bàbá Àjọkẹ́:

Ẹ kú àtìjọ́ o. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Mo ní kí n wá sọ ibi tó dé torí ọ̀pọ̀ yín fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi.

A lọ. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, àǹtí mi tó ń ta aṣọ ní Gbági, àti èmi. A fi ọjọ́ ránṣẹ́ bí Ìyá Ìbejì ṣe wí, a gbé obì, a gbé máàtì kíréètì méjì. Ìyá àgbà ò kọ́kọ́ jáde sí wa. Àbúrò bàbá ìyá ọmọ ló gbà wá, ó ní ká jókòó. Mi ò jókòó, mo dọ̀bálẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, mi ò dìde. Ó pẹ́. Àǹtí mi bá wọ inú kíṣìnnì lọ, mo ń gbọ́ ohùn wọn, mi ò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, ìgbà tó yá mo gbọ́ ẹkún. Ìyá àgbà jáde, wọ́n dúró lókè orí mi, wọ́n ní, "Ẹnu ìyá aláta ni mo ti gbọ́ pé ọmọ mi lóyún. Nínú ọjà. Ṣé o mọ bó ṣe rí lára mi?" Mi ò mọ̀ ọ́n rí. Ọdún mẹ́fà, mi ò rò ó lẹ́ẹ̀kan pé ta ló sọ ọ́ fún wọn. Mo ní ẹ má bínú, mà. Mi ò rí nǹkan mìíràn sọ.

Kì í ṣe pé gbogbo ẹ̀ ti yanjú. Ìyá ọmọ jókòó síbẹ̀, kò bá mi sọ̀rọ̀, àwọn àgbà ló ń bi léèrè tó ń dáhùn. Ọ̀rọ̀ orúkọ, a ò tíì dé bẹ̀. Ṣùgbọ́n a kọ ọ́ sínú ìwé, gbogbo wa fọwọ́ sí i, pé Sátidé àkọ́kọ́ àti ìkẹta nínú oṣù, aago mẹ́wàá sí aago mẹ́rin, kí n wá síbẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, lẹ́yìn ìyẹn ká sọ̀rọ̀ lórí Ìbàdàn. Fóònù ní Wẹ́sìdé àti Sọ́ńdè aago méje alẹ́. Mi ò tíì fo ọ̀kan. Mo ra ìwé náà, àbúrò mi, mo ti ń kọ ọ́.

Sátidé tó kọjá ni ìkẹta tí mo máa lọ. Nọ́ńbà mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni bàtà ẹ̀. Àga yẹn ṣì wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹnì kan ti fọ̀ ọ́. Mo ní, "Àjọkẹ́, ṣé adìyẹ ló ni àga yìí ni?" Ó ní rárá o, tí ìyá àgbà bá ti lọ sọ́jà, òun máa ń lé adìyẹ kúrò lórí ẹ̀, òun á sì jókòó síbẹ̀. Ó jókòó kí n rí i. Orúnkún ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n, ó ní, "Dádì, ó ti kéré." Mo yọ téèpù nínú àpò, mo wọn ẹsẹ̀ ẹ̀ láti orúnkún dé ilẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín pé téèpù ń rìn òun, ó ní kí n wọn ọwọ́ òun náà, mo wọn ọwọ́, ó ní kí n wọn orí, mo wọn orí. Mo kọ gbogbo ẹ̀ sínú ìwé yẹn. Mo ti ra igi.